Ìwé Ẹ́ńjìnnì Yín Tí Bàbá Kò Fọwọ́ Sí

                                                            Yàrá Ìdíwọ̀n,
                                                            Ilé-iṣẹ́ Ẹ́ńjìnnì Bàbá wa,
                                                            Ẹ̀yìn Ọgbà Pákó.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àfaradà òjò, nítorí mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún kò tíì dá láti oṣù tó kọjá. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ kọ̀wé kẹ́yìn ti fúyẹ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ déédéé? Ọmọ wa ńkọ́, ẹni tí n kò tíì fojú kàn yìí? Ẹ bá mi fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kí ẹ sọ fún un pé àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá gbé e pọ̀n lọ́jọ́ kan, bí n kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ náà.

Àwa náà wà níbí. Màmá ní kí n kí yín kíkí tó pọ̀. Eékún rẹ̀ ṣì ń ro ó tí òtútù bá mú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ro ó rárá. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì ń jẹun lórí ìdúró bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Bàbá wa kò ṣàìsàn. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí mo mọ̀ pé tí ẹ bá rí lẹ́tà tó nípọn báyìí láti ọwọ́ èmi tí n kì í kọ ju ojú ìwé kan lọ, àyà yín á ti já. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá wà níwájú oníbàárà, tàbí tí ẹ di irin mú lọ́wọ́, ẹ ká lẹ́tà yìí pọ̀ kí ẹ fi sápò. Ẹ rí ibi jókòó sí kí ẹ tó kà á lọ.

Láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́kọ̀ Pupa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rántí rẹ̀, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ pupa sáré ìje lórí adágún, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Bàbá to ẹ́ńjìnnì oníbúlọ́ọ̀kì ńlá kan fún un, onísílíńdà mẹ́jọ. A gbé e sórí dáínò, ẹ̀rọ wa tó ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, mo jókòó sẹ́yìn gíláàsì, mo fà á, mo mú un sáré láti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìyípo ní ìṣẹ́jú kan dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀, ẹ̀rọ sì ka agbára rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rin ẹṣin ó dín mẹ́wàá. Bàbá fọwọ́ sí ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ọkùnrin náà sì gbé e lọ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ló padà dé. Ó ti gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ sí ilé-iṣẹ́ tó wà lódìkejì odò, wọ́n sì wọ̀n ọ́n fún un níbẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó fẹ́ fà á yọ.

“Bàbá Ẹlẹ́ńjìnnì, ẹṣin mi méjìlélógún dà? Ṣé wọ́n já okùn ni, àbí ẹ gbàgbé láti ti ibùso?”

Bàbá kò gbé orí sókè kúrò lórí ohun tó ń dì. Ó ní ẹ̀rọ àwọn ará òdìkejì odò ń ṣàìsàn, kí ó gbé e lọ fún dókítà.

“Ẹ̀rọ wọn kò ṣàìsàn o. Ojú mi báyìí ni wọ́n fi òṣùwọ̀n irin dán an wò. Ẹ̀yin ni kí ẹ yẹ tiyín wò.”

Ẹ mọ̀ pé ẹnì kan kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí Bàbá. Ó fi sípánà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nu ọwọ́, ó sì pè mí. Ó ní kí n yẹ ẹ̀rọ wa wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo bá rí àṣìṣe, kí n ké sí òun. Bí n kò bá rí, kí n ké sí Ọlọ́kọ̀ Pupa kí ó wá tọrọ àforíjì níbi tó ti bú òun, lẹ́nu ọ̀nà yẹn gan-an.

Ọjọ́ méjì ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo so irin tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ apá dáínò, mo kà á, ó pé géérégé. Mo yẹ páìpù omi wò, mo yẹ wáyà wò, mo yẹ ohun tó ń ka ìyípo wò. Kò sí àléébù kankan. Inú mi ti ń dùn. Lọ́jọ́ kẹta, a fa ẹ́ńjìnnì kékeré kan láti fi dán an wò, Kòjùbẹ́ẹ̀lọ sì wọlé lọ pa páńpù omi. Òun ni ọkùnrin tó ń gbẹ́ irin fún wa, ẹ kò lè gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí òun náà ṣì ń fi “kò ju bẹ́ẹ̀ lọ” parí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ọ́ìlì, ó na ọwọ́ sí ìṣó tí tẹmọ́mítà wà lórí rẹ̀ kí ó má baà ṣubú.

“Yéè! Ẹ̀ ń dín nǹkan lórí ìṣó yìí ni?”

Ó ki ìka bọnu. A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo wo ìṣó náà dáadáa, tí ẹ̀rín sì kú lẹ́nu mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, nítorí bí n kò bá tò ó, ó ń dàrú mọ́ mi lójú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì kì í rí i mí tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ wa fi máa ń béèrè bí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí sínú ṣe gbóná tó kí a tó fà á. Èmi ni mo máa ń ka tẹmọ́mítà, èmi ni mo máa ń tẹ iye rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rọ yóò ṣe fi ẹṣin kún un tó, kí ó lè dí ohun tí ooru jí. Àánú ni ẹ̀rọ ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé ni ẹ́ńjìnnì wa ti ń mí, láti inú páìpù ńlá tó ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ara ògiri tí páìpù èéfín gbà jáde ni tẹmọ́mítà sì wà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti lè rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì, nítorí ìṣó kan ti wà níbẹ̀ kí Bàbá tó gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ooru èéfín ni mo ń kà. Ooru tí ẹ́ńjìnnì kò mí rí la fi ń ṣàánú rẹ̀.

Mo gbé tẹmọ́mítà kejì sẹ́nu páìpù ojú fèrèsé. Ó ka ọgbọ̀n. Ti orí ìṣó ka mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àlàfo tó wà láàrin wọn kò yẹ̀: mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún. Mo fi ọgbọ̀n ṣe ìṣirò ẹ́ńjìnnì Ọlọ́kọ̀ Pupa. Iye tí àwọn ará òdìkejì odò fún un gan-an ló jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn yín.

Bí mo ṣe ń wo ìṣó yẹn, mo rántí pé ọjọ́ kan wà tí tẹmọ́mítà kò sí lórí rẹ̀. N kò rántí ìgbà wo. Mo lọ kó àwọn ìwé àjákọ mi àtijọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn, àwọn tí ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé mo ń kọ ìtàn ìgbésí-ayé eṣinṣin sínú wọn. Ọdún kẹfà sẹ́yìn, oṣù kejì tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo rí i, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó tò bí èèrà. Báyìí ni mo kọ ọ́: “Mo kun ògiri ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín ní ọ̀dà funfun. Ìṣó já bọ́. Mo gbé tẹmọ́mítà kọ́ sí fèrèsé fún òní. Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀gbọ́n mi: ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́rìndínlógún.” Ọ̀la rẹ̀ ni mo kọ pé mo ti dá tẹmọ́mítà padà sórí ìṣó.

Ọjọ́ kan ṣoṣo péré ni. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹ̀rọ wa sọ òótọ́ láti ìgbà tí mo ti ń kà á, tiyín ló sì sọ òótọ́ náà lé lórí.

N kò nílò láti rán yín létí ohun tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni Bàbá ti fa Erin, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tó kùn ní búlúù, tí ìwé rẹ̀ sì kà á sí ẹgbẹ̀rin ó lé ẹyọ kan. Búlọ́ọ̀kì kan náà ni, orí kan náà, kàbúrétọ̀ kan náà. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí ó rí bẹ́ẹ̀ kí a lè mọ ọwọ́ ta ni ó dá ṣáṣá. Nígbà tí tiyín fi mẹ́tàdínlógún rẹ̀yìn, Bàbá rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ọmọ òun mọ ẹ́ńjìnnì í tò ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n jí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè yín ní Mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó ń fọ irin ń pè yín bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè yín bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan wá fi ìwé ránṣẹ́ tó sì kọ “Ọ̀gbẹ́ni Mẹ́tàdínlógún” sára àpòòwé, ẹ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo wo ojú yín bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ di ẹrù yín.

Mo ṣe ìṣirò tiyín àti ti Bàbá papọ̀. Ẹ mọ iye kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé, iye àìtúnṣe, èyí tí ẹ̀rọ rí gan-an kí àánú tó wọ̀ ọ́? A kì í wò ó. Bàbá a máa ní ẹni tó ń wo iye àìtúnṣe dà bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí iyọ̀ tó dé inú rẹ̀. Iye àìtúnṣe Erin ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Tiyín ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé méjìléláàádọ́ta. Ó ti wà lórí bébà láti ọdún mẹ́fà, a kọ ọ́ tìnrín-tìnrín, a kò wò ó. Bí a bá fi ooru fèrèsé ṣe ìṣirò Erin, ẹgbẹ̀rin ó dín mọ́kànlélógún ni. Tiyín dúró síbi tó wà: ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́rìndínlógún. Ẹ kò rẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi ẹṣin márùn-ún ṣíwájú.

Márùn-ún kò tó nǹkan, mo mọ̀. Bí èèyàn bá sín nínú yàrá yẹn, ó lè gbé márùn-ún wá. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sí mi pé ọ̀gá kan tó ń to ẹ́ńjìnnì ìje ní kí ẹ wá bá òun ṣiṣẹ́, pé ẹ sì kọ̀, nítorí ọwọ́ yín kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ẹ́ńjìnnì tó bá ju èyí tó ń fa omi lọ. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà tó dé. Ní alẹ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí, mo tún kà á.

Mo fi ọjọ́ kan gbé e mì. Lówùúrọ̀ kejì, mo kó ìwé náà lọ bá Bàbá nínú ọ́fíìsì. Ó wo ti Ọlọ́kọ̀ Pupa, ó wo ti àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù, ó ń fi ìka tẹ̀lé iye kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Irọ́ ni mo ti ń pa láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn?”

Mo ní rárá o, mo ní ìṣó ni, ìṣó ló ṣe é.

“Ìṣó kì í fọwọ́ síwèé,” ni Bàbá wí. “Èmi ni mo fọwọ́ sí i.”

Mo wá gbé ìwé tiyín sí iwájú rẹ̀. Mo sọ ti ọ̀dà funfun. Mo sọ pé èmi ni mo gbé tẹmọ́mítà kọ́ sí fèrèsé tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí n kò mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan. Ó kà á. Ojú rẹ̀ kò yí padà, àfi etí rẹ̀ tó pọ́n, ẹ mọ̀ bí etí rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó ní ìṣirò kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó ní àwọn tó ń fi bébà sáré pọ̀, àmọ́ bébà kì í gun òkè. Ó ní kí a gbé Erin sórí ẹ̀rọ.

Kò lè ní kí a gbé tiyín. Bóyá ẹ ti gbọ́, bóyá ẹ kò gbọ́: ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ ni Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ tú u palẹ̀. Búlọ́ọ̀kì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ́ òkúta, òun ló ń yí ẹ̀rọ wọn. Orí rẹ̀ lọ sára ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú písítìnì rẹ̀ ni Kòjùbẹ́ẹ̀lọ nù mọ́, tó fi fún mi kí n máa fi tẹ bébà mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a fa Erin, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Bàbá ní kí n fọwọ́ ara mi gbé tẹmọ́mítà kọ́ sí fèrèsé, ó dúró tì mí títí mo fi so ó. Kòjùbẹ́ẹ̀lọ wà níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ Pupa náà wà níbẹ̀, nítorí Bàbá ránṣẹ́ pè é. Ó kó ọwọ́ sápò, kò sì pariwo. Erin ti wà ní igun fún ọdún mẹ́fà, a kàn ń nù ún, a ń yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dì. Ó jí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, mo ń gbọ́ ọ láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Ìfà àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rin ó dín méjìlélógún. Bàbá ní kí n tún un fà. Ó dín mẹ́rìnlélógún. Ó yí pulọ́ọ̀gì padà, ó ní kí n tún un fà. Ó dín mẹ́tàlélógún. Ó yí nǹkan lára kàbúrétọ̀, ó nu ojú, ó wọlé wá dúró lẹ́yìn àga mi. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí.

“Gbé e dé ẹgbẹ̀rún méje.”

Mo ní, “Bàbá, a kì í gbé e kọjá mẹ́fà àbọ̀.”

“Ta ló tò ó? Èmi àbí ìwọ?”

Kòjùbẹ́ẹ̀lọ ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti rí ohun tó rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ,” ni Bàbá dáhùn. Ó fọwọ́ kan èjìká mi. “Fà á.”

Mo fà á. Ọwọ́ mi ló wà lórí ọ̀pá náà, n kò ní purọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo ń wo iye ìyípo bó ṣe ń gòkè, mẹ́fà àbọ̀, mẹ́fà lé ọgọ́rùn-ún méje, mẹ́fà lé ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án, ohùn rẹ̀ sì ti kúrò ní ohùn tí mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ló dún bí ìgbà tí àpótí irin já bọ́ láti òkè àjà. Ọ̀pá písítìnì kan dá, ó lu ìhà búlọ́ọ̀kì jáde, ọ́ìlì sì bo gíláàsì iwájú mi débi pé n kò rí nǹkan kan mọ́. Mo pa gbogbo nǹkan. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ọ́ìlì bó ṣe ń kán sílẹ̀.

Bàbá kò wọlé lọ wò ó. Ó bi mí pé èló ni ẹ̀rọ rí kó tó dákẹ́. Mo wò ó, mo ní ẹgbẹ̀rin ó dín mọ́kàndínlógún.

“Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?”

“Ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́rìndínlógún, sà.”

Ó mi orí. Ó ní kí n kọ méjèèjì sílẹ̀, ó sì jáde. Ọlọ́kọ̀ Pupa tẹ̀lé e dé àgbàlá, mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Ẹ má bínú, Bàbá, eré ni mo ń ṣe.” Bàbá ní, “Èmi kò ṣeré.” Nígbà tí mo wọ yàrá ẹ̀rọ lọ fi ìyẹ̀pẹ̀ gbé ọ́ìlì, mo rí ihò tó wà níhà Erin. Ó gba ọwọ́ mi dé ọrùn-ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Bàbá ní kí n tún gbogbo ìwé ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń kà, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni gbogbo wọn, kí a fi tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Màmá bẹ̀ ẹ́ pé ta ló bi í léèrè, pé kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó sùn máa sùn. Láràárọ̀ ló ń jókòó sí tábìlì mi, ó ń ka ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ sí i, bí ẹni tó ń kọ orúkọ sí ìwé òkú. Àwọn kan kọ̀wé padà pé kò burú. Ẹni méjì gbé ẹ́ńjìnnì wọn padà wá. Ọ̀pọ̀ kò sọ nǹkan kan, wọn kò sì wá mọ́. Láti ọjọ́ tí Erin ti fọ́, kò sí ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì tuntun wá kí a wọ̀n ọ́n. Kòjùbẹ́ẹ̀lọ ń gbẹ́ ẹsẹ̀ àga fún àwọn ará ọgbà pákó kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Bàbá ti yọ gbogbo ìwé tó wà lára ògiri. Ibi tí wọ́n wà funfun ju ibi yòókù lọ.

Mo tún tiyín tẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi sáàárín àwọn yòókù. Gbogbo àárọ̀ tó bá kàn án, Bàbá á fi í sísàlẹ̀. Lánàá, ó fọwọ́ sí èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn yòókù, tiyín nìkan ló sì kù lórí tábìlì. Ó wò ó títí tí mo fi rò pé ó ti sùn. Ó gbé bírò, ó tún fi lélẹ̀.

“Èmi kò lè fọwọ́ sí i,” ni ó wí. “Ẹ́ńjìnnì ni mo máa ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ìṣirò. Èyí kò sì sí mọ́ tí mo lè tún fà á wò. Ọwọ́ mi ló tú u.”

Mo bi í bóyá kí n fi ránṣẹ́ sí yín bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n ṣe ohun tó bá wù mí. Ó dìde, ó wá fìlà rẹ̀ káàkiri, orí rẹ̀ ló wà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, láìwẹ̀yìn, “Ṣé ó ṣì máa ń di ńọ́ọ̀tì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta, kó tó gbà pé ó le?” Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀. Ó lọ sílé.

Ìwé náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ má wá ọwọ́ Bàbá lórí rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ tèmi wà nísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó ka ìwọ̀n máa ń fọwọ́ sí. Bí ọ̀gá tó pè yín yẹn bá ṣì ń wá èèyàn, ẹ mú un lọ bá a. Bí ó bá mọ iṣẹ́, yóò wo iye àìtúnṣe. N kò sọ pé kí ẹ padà wálé, nítorí kò sẹ́ni tó rán mi ní ìyẹn, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ tí Bàbá kò sọ sí i lẹ́nu. Bí inú bá ń bí yín, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe òun nìkan. Èmi ni mo gbé tẹmọ́mítà kọ́, èmi ni mo gbé e kúrò, èmi ni mo kà á tí n kò sì ronú fún ọdún mẹ́fà. Mo máa ń rò pé ẹni tó dákẹ́ tó sì ń wo nǹkan dáadáa kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Mo ń wò yín bí ẹ ṣe ń di ẹrù lọ́jọ́ yẹn, mo ń ka iye ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ kó. Mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì fún ìyẹn náà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, kí ẹ sọ fún un pé aṣọ tó rán sí Màmá bá a mu, ó kàn gùn díẹ̀ ni. Kòjùbẹ́ẹ̀lọ ń kí yín. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní kí n sọ fún yín pé òun tọrọ àforíjì fún orúkọ tí òun náà fi pè yín. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi nǹkan kan kún un. Màmá kò mọ ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ kọ ọ́ sí yàrá ìdíwọ̀n. Èmi nìkan ló ń ṣí i báyìí.

Èmi ni tiyín, bí ẹ bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,

Àbúrò yín obìnrin,
ẹni tó ń ka ìwọ̀n.